Ọ̀wọ̀ Inú Ìwé: Lórí Kíkọ́ Olùyọ̀ǹda Àjèjì ní Èdè Nepali

Ìmọ̀ràn kan wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ àjèjì ní èdè Nepali, àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́ ni a sì sábà máa ń bá a pàdé: bí o kò bá mọ ọ̀rọ̀ tí o ó fi pe ẹnì kan, pè é ní ‘tapai’. ‘Tapai’ ni ‘ẹ̀yin’ ti ọ̀wọ̀ ní èdè náà. Ẹni tí ó bá ń lò ó fún gbogbo ènìyàn kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé. Kò ní rí àgbà fín, kò sì ní tàbùkù ọlọ́lá. Ìmọ̀ràn rere ni. Èmi náà tí mo ti ń kọ́ àjèjì ní èdè Yorùbá láti ọdún pípẹ́ wá, irú rẹ̀ ni mo máa ń fún wọn: ẹ máa wí ‘ẹ’, ẹ fi ‘o’ sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka àwọn ìwé Nepali wọ̀nyí, tí mo sì ń ro ibi tí a ń rán àwọn tí ń kà wọ́n lọ, ìmọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí lóminú. Ọ̀wọ̀ tí a pín dọ́gba fún gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ tí a kò ti pín in dọ́gba rí, ṣé ẹ̀kọ́ àṣà ni, tàbí aṣọ tí a fi bo àṣà lójú?

Kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́ tí ń wá ya àwòrán òkè Himalaya ni mo ń sọ. Ní ọdún 1962 ni àwọn olùyọ̀ǹda àkọ́kọ́ láti inú ẹgbẹ́ Peace Corps ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé Nepal, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ kan náà kó àwọn tirẹ̀ wá sí Nàìjíríà níbí. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, wọ́n ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ń bá abúlé fa omi láti orí òkè. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n sì ń lò. Ilẹ̀ Bìrìtéènì àti Japan náà rán tiwọn. Ogun abẹ́lé tí àwọn Maoist bẹ̀rẹ̀ ní 1996 mú kí Peace Corps dá iṣẹ́ dúró ní 2004. Ogun náà parí ní 2006, ẹgbẹ́ náà padà dé ní 2012, kí àrùn kòrónà tó tún kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sílé ní oṣù kẹta ọdún 2020.

Kí a tó rán ẹnikẹ́ni lọ sí abúlé, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni a fi ń kọ́ ọ ní èdè àti ìṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó yá ni a gbé e wá sí Nepal fúnra rẹ̀, tí a sì ń fi olúkúlùkù wọ̀ sí ilé ìdílé kan, kí ó máa bá wọn jẹ, kí ó máa bá wọn mu, kí ó máa bá wọn sùn jí. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìwé Tika B. Karki àti Chij K. Shrestha, *Basic Course in Spoken Nepali*, ti jáde, ìwé tí a tẹ̀ ní àtúntẹ̀ léraléra ní Kathmandu tí ó fi di ohun tí àjèjì tí kì í ṣe olùyọ̀ǹda pàápàá ń rà. Àwọn ìwé mìíràn ti ṣáájú rẹ̀. Lára àwọn àjèjì tí ó kọ́kọ́ gbọ́ èdè náà dáadáa ni àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tí ń darí ọmọ ogun Gurkha, R. L. Turner sì wà nínú wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ẹni tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tí ó jáde ní 1931. T. W. Clark gbé ìwé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ jáde ní 1963, David Matthews ní 1984, Michael Hutt àti Abhi Subedi ní 1999. Gbogbo wọn ni ó wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ológun tí ń pàṣẹ àti ọ̀mọ̀wé tí ń wo gírámà kò sí ní ipò olùyọ̀ǹda. Olùyọ̀ǹda ni yóò bèèrè ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà lọ́wọ́ ìyá onílé ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní.

Èmi kò ní fi iṣẹ́ àwọn olùkọ́ náà wọ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ń ná ènìyàn láti mú kí etí àgbàlagbà gbọ́ ìró tí kò gbọ́ rí. Nepali ní ‘t’ tí ahọ́n fi kan eyín, ó sì ní èyí tí ahọ́n ká sẹ́yìn láti kan àjà ẹnu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún lè jáde pẹ̀lú èémí tàbí láìsí èémí. Ọ̀rẹ́ ni ‘sathi’ bí ahọ́n bá kan eyín. Bí ahọ́n bá ká sẹ́yìn, ọgọ́ta ni. ‘Kam’ ni iṣẹ́. ‘Kham’ tí a fi èémí lé jáde ni àpò tí a ń fi lẹ́tà sí. Ẹni tí ó ti rí òyìnbó tí ń wá ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù yóò káàánú olùkọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni Nepali ní fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ: ‘ho’ fún ohun tí nǹkan jẹ́, ‘cha’ fún ibi tí ó wà tàbí bí ó ti wà. Ọmọ Yorùbá tí ó ní ‘jẹ́’ àti ‘wà’ kò ní làágùn lórí èyí. Ará Amẹ́ríkà ni yóò làágùn. Ìrẹsì tí ó wà lóko ni ‘dhan’, èyí tí a ti bó èèpo rẹ̀ ni ‘chamal’, èyí tí a sè ni ‘bhat’. Ẹni tí ó bá wí pé òun fẹ́ jẹ ‘chamal’ lálẹ́ yìí dà bí ẹni tí ó ní kí a bu èlùbọ́ sínú abọ́, kí a da ọbẹ̀ lé e. Irú nǹkan báyìí ni a fi ń mọ̀ pé ẹ̀kọ́ èdè ti di ẹ̀kọ́ àṣà láìsí pé olùkọ́ pariwo rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ ìbátan. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí àwa kì í bi léèrè bóyá akọ ni tàbí abo, ọ̀nà mẹ́rin ni Nepali pín wọn sí: ‘dai’ ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ‘didi’ ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, ‘bhai’ ni àbúrò ọkùnrin, ‘bahini’ ni àbúrò obìnrin. A kò fi wọ́n mọ sí inú ẹbí. Awakọ̀ ni ‘dai’, obìnrin tí ń ta ewébẹ̀ ni ‘didi’. Orúkọ ipò ìbí tún wà, èyí tí yóò rán wa létí Ìdòwú àti Àlàbá: ‘Jetha’ ni àkọ́bí ọkùnrin, ‘Mahila’ ni ìkejì, ‘Sahila’ ni ìkẹta, ‘Kahila’ ni ìkẹrin, ‘Kancha’ ni àbígbẹ̀yìn. A lè máa pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Olùyọ̀ǹda tí ìyá onílé bá ti sọ di ‘Kancha’ tàbí ‘Kanchi’ ti rí àpótí jókòó sí. Ọ̀rọ̀ fún ‘o ṣeun’ náà wà nínú ìwé, ‘dhanyabad’, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó dára a máa kìlọ̀ pé ẹni tí ń sọ ọ́ fún ìyá onílé ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ ń sọ ara rẹ̀ di àlejò lójoojúmọ́ ni. Yorùbá tí ń dúpẹ́ ti àná ní àárọ̀ òní lè máà tètè gba èyí gbọ́.

Ìgbà tí a bá kúrò ní ọ̀rọ̀ ìbátan tí a sì dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ gan-an ni ìwé ń kánjú. Kí òǹkàwé tó lè rí ohun tí ó fò, ó yẹ kí a ya èdè náà wò díẹ̀.

Yorùbá ní ‘o’ àti ‘ẹ’, ó parí. Nepali kò dúró síbẹ̀. ‘Ta’ wà nísàlẹ̀ pátápátá: òun ni a fi ń pe ajá, màlúù, ọmọ kékeré, àti ẹni tí a fẹ́ kí ó mọ̀ pé a kò kà á sí. ‘Timi’ tẹ̀ lé e, fún ọ̀rẹ́, àbúrò, akẹ́kọ̀ọ́. ‘Tapai’ ni ti àgbà àti ti àlejò. ‘Hajur’ ga jù ú lọ, fún ẹni ńlá tàbí fún ẹni tí a fẹ́ tù lójú. Lókè gbogbo wọn ni èdè ààfin wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, fún ọba àti ẹbí rẹ̀. Nepal kò ní ọba mọ́ láti 2008, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé ọlọ́lá kan ṣì ń fi èdè náà bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ nìkan ni ó ń yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e: ‘garchas’ bí ẹni tí ń ṣe nǹkan bá jẹ́ ‘ta’, ‘garchau’ bí ó bá jẹ́ ‘timi’, ‘garnuhuncha’ bí ó bá jẹ́ ‘tapai’. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ‘u’, ‘uni’ àti ‘wahan’ tún ń dúró dè wá. Nítorí náà, ó ṣòro kí ẹnu tó lè sọ gbólóhùn kan sí ẹnì kejì láì kọ́kọ́ gbé ẹni náà ka orí òṣùwọ̀n.

Ní ayé àtijọ́, tí ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ a máa pe aya ní ‘timi’, aya a sì máa pe ọkọ ní ‘tapai’. Ohun tí ó sì yẹ kí ó fún wa ní ìrònú ni pé ‘ta’ ti ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni olùfọkànsìn mìíràn fi ń ké pe òrìṣà rẹ̀. Àwa náà kì í wí pé ‘Ọlọ́run, ẹ gbà mí’. ‘Gbà mí’ ni à ń wí, bí ẹni ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí ìsúnmọ́ni bá ti jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ a bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ ẹ̀gàn lẹ́nu ẹnì kan tí ó sì jẹ́ àdúrà lẹ́nu ẹlòmíràn: èyí ni olùkọ́ ń fi gbólóhùn kan fò dá. Má lò ó, ó tán.

Òṣùwọ̀n yìí kò já bọ́ láti ọ̀run. Ní 1854 ni Jang Bahadur Rana, ẹni tí ó gba agbára mọ́ ọba lọ́wọ́, ṣe ìwé òfin tí a ń pè ní Muluki Ain, èyí tí ó to gbogbo ìran tí ń bẹ ní ilẹ̀ náà sí orí àkàbà kan ṣoṣo. Àwọn tí ń gbé okùn mímọ́ kọ́rùn wà lókè, àwọn tí ń mu ọtí wà láàárín, àwọn tí ẹni òkè kò gbọdọ̀ gba omi lọ́wọ́ wọn wà nísàlẹ̀. Lára àwọn tí ìsàlẹ̀ yìí ni Kami alágbẹ̀dẹ, Damai aránṣọ àti Sarki oníṣẹ́ awọ. Ìjìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà kò dọ́gba. Ipò ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Òfin tuntun ti 1963 mú àkàbà náà kúrò nínú ìwé, òfin ti 2011 sì sọ yíya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí ìran rẹ̀ di ọ̀ràn tí ó ní ìjìyà. Ṣùgbọ́n ohun tí a mú kúrò nínú ìwé kò tètè kúrò lẹ́nu. A ti gbọ́ ọ tí ọmọdé láti ilé òkè ń fi ‘ta’ pe alágbẹ̀dẹ tí ó tó bí bàbá rẹ̀ lọ́mọ.

Ibí yìí ni olùyọ̀ǹda wa ti wọlé pẹ̀lú ‘tapai’ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó. Ó gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ Damai aránṣọ, ọkùnrin tí ó gba ilé náà lálejò tẹ̀ lé e, ó sì bi aránṣọ náà ní ‘tapai’ bóyá àlàáfíà ni. Aránṣọ lè wo ilẹ̀, kí ó máà mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Onílé lè rẹ́rìn-ín pé àlejò ni, kò mọ̀ ọ́n sọ ni. Ọmọ aránṣọ tí ó ti ka ìwé, tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò gbọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn pátápátá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni òyìnbó náà sọ. Ó ti dá sí ẹjọ́ tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú kí a tó bí baba ńlá rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun dá sí i. Èmi kò wí pé kí ó má sọ ọ́. Kí ó sọ ọ́ dáadáa! Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ó mọ ohun tí òun ń sọ. Bí kò bá mọ̀, lọ́jọ́ tí onílé bá bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó má ṣe bá àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ṣe wọlé-wọ̀de jù, kò ní ní èsì kankan, yóò sì rò pé ọ̀ràn àdúgbò lásán ni.

Òun fúnra rẹ̀ pàápàá ní ipò lórí àkàbà náà. Òfin 1854 kò gbàgbé òyìnbó. Ó kó o mọ́ àwọn tí a kò lè gba omi lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí olùyọ̀ǹda tí gbogbo abúlé ń bọlá fún ní gbangba fi lè rí i, nínú ilé Bahun kan tí kò tíì fi àṣà àtijọ́ sílẹ̀, pé ìta ilé ìdáná ni a ń gbé oúnjẹ òun sí. Àwọn ẹ̀kọ́ àṣà a máa sọ fún un pé: má wọ ilé ìdáná bí wọn kò bá pè ọ́, má fi ọwọ́ òsì jẹun, má fi ẹnu kan kòtò omi, má fi oúnjẹ tí ẹnu rẹ ti kàn fún ẹlòmíràn, nítorí ó ti di ‘jutho’, má dá ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó kọjá. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n má, má, má ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ‘jutho’ àti ‘ta’ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, pé bí ó bá fẹ́ mọ bí ilé kan ti tò, kí ó wo ẹni tí ń jẹ àṣẹ́kù ẹni. Ní ilé àtijọ́, aya a máa jẹun nínú àwo tí ọkọ rẹ̀ jẹ kù. Ọkọ kò ní jẹ ti aya rẹ̀ láé. Ẹni tí ó fi etí sí arọ́pò-orúkọ, tí ó sì fi ojú sí àwo, ti ka ìwé méjì tí ń sọ ìtàn kan ṣoṣo.

Mo fura sí ibi tí ‘má, má, má’ yìí ti wá. Ìbàdàn níbí ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, Margery Michelmore, ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda Peace Corps àkọ́kọ́ tí ó dé Nàìjíríà, kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó sọ nípa ìgbé ayé tí ó rí, bí ó ti jẹ́ pé ojú títì ni ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń tajà. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọgbà gbóná janjan, ọmọbìnrin náà sì padà sílé. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ tó láti mú kí ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá bàbà máa kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, láti ìgbà náà lọ, ní bí a kò ti í ṣẹ onílé, ju bí a ti í gbọ́ onílé yé lọ. Ọ̀nà méjì ni, wọn kò sì fi ìgbà kankan jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọbìnrin yẹn ì bá mọ ‘ẹ’ lò dáadáa, kò ní kí ó má kọ káàdì rẹ̀.

Àṣìṣe kejì tóbi ju èyí lọ, nítorí pé orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ni ó fara pamọ́ sí. Èdè Nepali, àṣà Nepal: bí ẹni pé èdè kan àti àṣà kan ni. Ìjọba Panchayat tí ó wà láti 1960 sí 1990 fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọba kan, aṣọ kan, èdè kan ni igbe rẹ̀, abẹ́ ìjọba yẹn ni a sì ti gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kalẹ̀ tí ó fi gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ètò ìkànìyàn 2021, èdè abínibí 124 ni a kà ní Nepal. Àwọn tí Nepali jẹ́ èdè ìyá wọn kò sì tó 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Maithili nìkan kó nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn rẹ̀ ni Bhojpuri, Tharu, Tamang àti àwọn yòókù. Òfin ìpìlẹ̀ 2015 sọ pé èdè orílẹ̀-èdè ni gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Nepali ni èdè iṣẹ́ ìjọba. Olùyọ̀ǹda tí a kọ́ fún oṣù mẹ́ta lè gúnlẹ̀ sí abúlé Tamang kan, kí ó bá ìyá onílé tí òun náà kọ́ Nepali ní ọjà àti lẹ́nu ọmọ tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àjèjì méjì ni ó pàdé lórí èdè ẹnì kẹta.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ó dá àríyànjiyàn mi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èdè òkè bíi Tamang àti Gurung kò to ọ̀wọ̀ sí inú ọ̀rọ̀-ìṣe bí Nepali ti tò ó. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ń sọ Nepali, a sábà máa ń gbọ́ ‘timi’, a tilẹ̀ ń gbọ́ ‘ta’, lẹ́nu wọn sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe ọ̀gá láti ìlú ńlá. Ará Kathmandu a rẹ́rìn-ín, a ní ará oko ni wọ́n, wọn kò gbọ́ èdè. Yorùbá mọ ẹ̀rín yìí. Irú rẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́ máa ń fi ará Oǹdó àti ará Èkìtì rín, tí àgbà wọn kì í ka ‘ìwọ’ sí àfojúdi. Olùyọ̀ǹda tí ìwé ti sọ fún pé ajá ni a ń pè ní ‘ta’ yóò wá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tí ń bu oúnjẹ fún un. Kí ni yóò ṣe? Bí ó bá ní sùúrù, yóò fara mọ́ ọn. Bí kò bá ní, yóò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún òun ní abúlé yìí. Ní ìgbà méjèèjì, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ti fò ó: inú èdè tí a fi gbé àkàbà kalẹ̀ ni ìyá yìí wọ̀, ó sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni pé àkàbà kò sí. Olùyọ̀ǹda kan náà ń pe gbogbo ènìyàn ní ‘tapai’, ìyá ń pe gbogbo ènìyàn ní ‘ta’. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, kò sì sí ojú ìwé kan tí ó sọ fún wọn.

Pé èyí ṣeé gbọ́ yé, ẹ̀rí rẹ̀ wà. Broughton Coburn jẹ́ olùyọ̀ǹda Peace Corps ní àwọn ọdún 1970. Ó bá ìyá arúgbó Gurung kan gbé, ó sì fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá náà ṣe ìwé *Nepali Aama*, tí ó jáde ní 1982. Ìyá ni ‘aama’. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ìwé náà ni pé ọ̀rọ̀ ìyá ni ó kún inú rẹ̀, kì í ṣe ìrora òyìnbó tí ó lọ gbé ní abúlé, èyí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. A kò lè wí pé oṣù mẹ́ta kíláàsì ni ó kọ́ ọ ní èyí. Ilé ìyá náà ni.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé oṣù mẹ́ta kúrú, pé ẹni tí kò tíì lè ra ìyọ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń di ẹrù Muluki Ain rù. Òótọ́ ni, àti pé ìwé Hutt àti Subedi gbìyànjú díẹ̀. Ó ṣàlàyé ìpele ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè láìfi bò. Ṣùgbọ́n èmi kò béèrè pé kí olùyọ̀ǹda lè sọ gbogbo rẹ̀. Kí ó máa fi ‘tapai’ sọ̀rọ̀, kí a sì kọ́ etí rẹ̀ láti gbọ́ ìyókù. Ní Nepal, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pàdé, ìbéèrè pé ‘ṣé o ti jẹun?’ ni ìkíni wọn. ‘Khana khanubhayo?’ ni fún ẹni ọ̀wọ̀, ‘bhat khayau?’ fún ẹlẹgbẹ́, ‘bhat khais?’ fún ọmọ. Bí a bá fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré nínú oṣù mẹ́ta náà, ilé títa tíì lẹ́bàá ọ̀nà ni n ó kó wọn lọ. N ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó bi ta ni, irú èwo ni ó fi bi í, ta ni ó yí i padà nígbà tí ẹnì kẹta wọlé. Ní alẹ́, kí olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Kami, kí òmíràn tí ó jẹ́ ọmọ Tamang, jókòó pẹ̀lú wọn láti ka ohun tí wọ́n kọ. Kí ó má jẹ́ ẹnu ará Kathmandu nìkan ni wọn yóò ti gbọ́ àlàyé rẹ̀.

Mo ti dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi nínú ọjà níbí. Ọ̀kan nínú wọn padà wá pẹ̀lú ojú ìwé méjì tí ó kún. Ó ní òun gbọ́ tí ìyá aláta kan ń pe oníbàárà rẹ̀ ní ‘ẹ’ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ná an, tí ó sì bọ́ sí ‘o’ bí oníbàárà náà ti kọ̀yìn tí kò rà á. Ó bi mí pé nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó rí ẹnì kejì fín. Wákàtí méjì ni a lò lórí ìbéèrè náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí wọ́n wà nínú kíláàsì kejì sì dá sí i láti ojú fèrèsé.